Àbàrí Oníyeyè Tí Mo Gbé Lọ fún Bàbá Àgbà

Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ Jímọ̀, ní abúlé wa ní Alájùẹ. Mo mọ aago náà nítorí pé rédíò bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ orin tó máa ń ṣáájú ìròyìn. Àwa mẹ́rin la wà ní ẹ̀yìnkùlé: Ìyá Àgbà tó jẹ́ ìyá bàbá mi, Màámi, Ráfátù àbúrò mi tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, àti èmi. Abọ́ ńlá kan wà láàárín wa, ó kún fún àgbàdo tútù tí a ti lọ̀, tí a sì ti fún omi ìyeyè sí. Òórùn ìyeyè gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn eṣinṣin náà ti gbọ́.

Màámi fi ìka kan án, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n ní ó dùn. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wọ ilé ọkọ, àwọn kò rí ìyeyè tó dùn tó ti ọdún yìí. Èmi náà tọ́ ọ wò. Ráfátù tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, títí wọ́n fi gbá a lọ́wọ́. Ìgò oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Màámi gbé e, wọ́n wò ó, wọ́n sì dé e padà láìkán ẹ̀kán kan sínú abọ́. Wọ́n ní oyin kò pọ̀ nílé, kí a má fi ṣòfò.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa mọ òórùn tí mò ń sọ. Nígbà tí irun àgbàdo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ìgbà náà ni ìyeyè máa ń já bọ́ létí odò. Pupa rúsúrúsú ni, kò ju àtàǹpàkò lọ. Èyí tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ á fọ́, òórùn rẹ̀ á sì bá ọ délé. Èmi àti Ráfátù la ṣa ti ọdún náà. Nígbà tí a ń bọ̀, mo rí igi àgbáyun tó so, mo sì ká a sí àpò ṣòkòtò mi.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àgbáyun mọ́. Èso pupa kékeré ni, hóró kan ló wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní adùn tí ènìyàn lè máa ròyìn. Ṣùgbọ́n bí o bá lá a tán, ohun kíkan tí o bá fi sẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀, dídùn ni yóò máa dùn. Ọsàn wẹ́wẹ́ á di oyin. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ẹnu tó padà sí ipò.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ yẹn, ẹ̀kọ tí a fẹ́ mu kan gógó. Ògì náà ti pẹ́ nínú omi, Màámi kò sì rí àyè sẹ́ òmíràn nítorí àgbàdo àbàrí. Mo bá kó àgbáyun jáde, mo pín in. Gbogbo wa lá a, a sì mu ẹ̀kọ náà bí ẹni mu wàrà. Lẹ́yìn èyí ni a wá jókòó ti abọ́, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àbàrí wò.

Bàbá mi nìkan ni kò lá a. Wọ́n ti fi àkàrà àná mu ẹ̀kọ tiwọn nínú ilé, wọn kì í sì í pe àgbà ọkùnrin sí ìdí abọ́ àbàrí. Àwọn ni wọn ì bá gbà wá.

Àbàrí tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ, ata àti àlùbọ́sà ló máa ń wà nínú rẹ̀, sísè ni wọ́n sì ń sè é nínú ewé. Tiwa yàtọ̀. Ìyá ọkọ Ìyá Àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àgbàdo tútù, omi ìyeyè, oyin, iyọ̀ díẹ̀. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ inú agolo mílíìkì, a ó rọ ọ́ sí i, a ó sì yan án. Láyé àtijọ́, inú eérú gbígbóná ni wọ́n ń rì í sí. Nígbà tèmi, ààrò búrẹ́dì nínú ìlú Ẹdẹ là ń gbé e lọ. Bí oníbúrẹ́dì bá ti kó búrẹ́dì òwúrọ̀ jáde, ààrò amọ̀ rẹ̀ ṣì máa ń gbóná títí di ọ̀sán. Ooru yẹn, tí kò le mọ́, ni àbàrí wa ń fẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á rọ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì fi òórùn tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń ṣe é, ní àkọ́so àgbàdo. Agolo àkọ́kọ́ jẹ́ ti olórí ẹbí, ẹni tó bá gbé e lọ sì ní ẹ̀tọ́ láti tọrọ ohun kan ṣoṣo. Bí olórí ẹbí bá jẹ agolo náà tán, ó ti gbà nìyẹn, kò gbọdọ̀ yí i padà. Bí ó bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí àròyé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ di kùnrùngbùn.

Olórí ẹbí nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Nínú ìlú ni wọ́n ń gbé, ní agbo ilé wa. Wọn kì í sọ fún ènìyàn pé rárá. Wọ́n kàn máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ní ọdún tó ṣáájú, àbúrò bàbá mi kan tọrọ ilẹ̀ létí odò. Bàbá Àgbà jẹ àbàrí náà títí ó fi ku bí èékánná. Wọ́n wo ojú ẹni tó ń tọrọ, wọ́n sì rọra fi ṣíbí lélẹ̀. Odidi ọdún kan ni a fi sọ ìtàn èékánná yẹn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ìyá Àgbà ní èmi ni n ó gbé e lọ. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Ilé ìwé ni.

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìwé ti di ọ̀fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ mi nínú ìlú sì ti fẹ́ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi, oko ní òwúrọ̀, ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n mú mi lọ, olùkọ́ ní kí n gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí n fi kan etí kejì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rántí ìdánwò yẹn. Ọwọ́ mi kò dé e. Nígbà tí ọwọ́ máa fi dé etí, oko ti gba ọwọ́ náà. Èmi ni mò ń lé ẹyẹ nínú àgbàdo Bàbá Àgbà, mo sì mọ̀ ọ́n lé.

Bàbá mi ti bá mi bẹ̀bẹ̀ rí, ní ìtagbangba, lójú gbogbo ẹbí. Bàbá Àgbà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọmọ yìí ti kọjá etí, ó ti dé èjìká. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àgbàlagbà ṣe ní kíláàsì kìn-ín-ní?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi lọ wo ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ kan sọ fún Màámi pé bí n kò bá wọlé lọ́dún yìí, àwọn kò ní lè gbà mí mọ́. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi yan èmi. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọdé lè gbà tọrọ ohun tí Bàbá Àgbà ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èmi àti Màámi la jọ rìn wọ ìlú. Wọ́n gbé agbọ̀n agolo, èmi gbé abọ́ àbàrí lérí, a fi ewé bò ó. Òjò òru ti sọ ojú ọ̀nà di ẹrẹ̀. Mo fẹ́ máa sáré, Màámi sì ń dá mi dúró. “Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni wọ́n ń sọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ń tú irun Ráfátù, wọ́n máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi. Ní ọjọ́ yẹn, mo rò pé àbàrí ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí a súnmọ́ ìlú, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá lọ níwájú wa. Wọ́n ti lọ aṣọ kakí wọn, ó le gbánrangbánran. Ọ̀kan nínú wọn, tó kéré sí mi dáadáa, fi ẹ̀kọ́ ojúmọ́ rẹ̀ kọrin bó ti ń lọ, A, B, D, bí ẹni pé kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Mo gbọ́ ọ títí ó fi yà. Lẹ́yìn náà òórùn ọjà gba imú wa, irú, kẹrosíìnì, àti ẹja gbígbẹ, àti lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òórùn búrẹ́dì.

Ilé búrẹ́dì náà wà lẹ́yìn ọjà. Bàbá Oníbúrẹ́dì jẹ́ ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́, apá wọn kò ní irun kankan, ooru ààrò ti jó o dànù. Wọ́n to agolo wa sórí pákó gígùn, wọ́n tì í wọ ẹnu ààrò, wọ́n sì fi páànù dí ẹnu rẹ̀. A jókòó sí ìta. Màámi ń ṣa ẹ̀fọ́, èmi ń ṣe àṣàrò ohun tí n ó sọ fún Bàbá Àgbà. Mo ti há a sórí. Ó gùn, àdúà wà níwájú rẹ̀, àdúà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Agolo kan nínú àbàrí ni owó iṣẹ́ Bàbá Oníbúrẹ́dì. Bí wọ́n ti kó o jáde, wọ́n tú tiwọn sórí ewé, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n bù ú jẹ. Ojú wọn ọ̀tún kọ́kọ́ pa dé. Lẹ́yìn náà ti òsì. Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n yíjú sí Màámi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ìyá Mùfú,” ni wọ́n wí, “ta ni ẹ fẹ́ bá jà?”

Màámi bù ú tọ́ wò. Èmi náà bù ú. Mo ti jẹ ìyeyè àìpọ́n rí, mo ti jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ nítorí ìpèníjà. N kò tíì jẹ ohun tó kan tó bẹ́ẹ̀. Màámi wo abọ́, wọ́n wo àpò ṣòkòtò mi. Wọ́n wá jókòó sórí àpò fúláwà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. “Àgbáyun,” ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè sọ. “Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbáyun.”

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àgbàdo tí a ká ti tán. Ìyeyè ti tán. Bàbá Àgbà ti mọ̀ pé a ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá Oníbúrẹ́dì ṣàánú mi, wọ́n wọ́n ṣúgà sí orí ọ̀kan, a tọ́ ọ wò. Òkè rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ kan. Màámi ní ó dà bí ẹni tó wọ agbádá tuntun lé ṣòkòtò tó ya, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Àgbáyun mélòó kan ṣì kù nínú àpò mi. Bàbá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ rò ó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: kí n fún bàbá náà ní àgbáyun kí wọ́n lá a, bí ẹni fún àgbà ní obì, kí n tó ṣí agolo. Wọn kò ní mọ ohunkóhun. Wọn yóò jẹ ẹ́ tán, wọn yóò sì béèrè òmíràn. Mo wo Màámi. Inú mi ti ń dùn.

Màámi nu ojú wọn. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn.

“Fún wọn,” ni wọ́n sọ fún mi. “Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lá a, sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.”

Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọn kò ní jẹ ẹ́ tán.

“Bóyá wọn kò ní jẹ ẹ́ tán. Òótọ́ korò, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ewúro pa.”

N kò bá Màámi sọ̀rọ̀ títí a fi dé agbo ilé.

Bàbá Àgbà ti ti mọ́ṣáláṣí dé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí awọ àgùntàn, búta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fìlà funfun wà lórí wọn. Àwọn àgbà mélòó kan nínú ẹbí jókòó yí wọn ká, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìtàn ọdún náà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Màámi kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo gbé agolo kalẹ̀, mo gbé ṣíbí tì í. Ọ̀rọ̀ gígùn tí mo ti há sórí fò lọ pátápátá, pẹ̀lú àdúà iwájú àti àdúà ẹ̀yìn.

“Bàbá, ó kan,” ni mo sọ. “A lá àgbáyun kí a tó tọ́ ọ wò, a kò fi oyin sí i. Àgbáyun náà nìyí, bí ẹ bá fẹ́ lá a.”

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ọmọ yìí kò mọ ọjà tà. Ẹlòmíràn ní ẹ jẹ́ kó padà sí ìdí ẹyẹ rẹ̀. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú àgbáyun kan ní àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n yí i wò láàárín ìka méjì, wọ́n sì dá a padà.

“Kí lo fẹ́ tọrọ?”

“Ilé ìwé, Bàbá.”

“Bí mo bá lá èyí,” ni wọ́n wí, “ẹnu àgbáyun ni yóò dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí ẹnu tèmi dá ọ lóhùn.”

Wọ́n mú ṣíbí.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun láyé, n kò tíì rí ẹni tó jẹun bẹ́ẹ̀. Ní ìbù àkọ́kọ́, etí wọn méjèèjì sún. Ní ìkejì, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orókún. Ẹnìkan bu omi fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òógùn yọ ní iwájú orí wọn. Wọn kò yára, wọn kò sì lọ́ra. Mò ń wo inú agolo bí ẹni ń wo inú kànga. Ó dé ìdajì. Ó dé ìsàlẹ̀. Ó ku bí èékánná.

Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra fi ṣíbí lélẹ̀.

Mo gbọ́ tí Màámi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo ti ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde, nítorí òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má bínú. Bàbá Àgbà ki ìka bọ inú agolo, wọ́n fi gbá èyí tó kù, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n yọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì lá a mọ́ féfé.

“Bí ilé ìwé bá kan báyìí,” ni wọ́n wí, “o kò gbọdọ̀ sá o.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kí wọ́n fún àwọn ní omi.

Ilé ìwé kan bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tábìlì kíláàsì kìn-ín-ní kò gba orúnkún mi. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń jókòó sí, bí obìnrin lẹ́yìn ọ̀kadà. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì, olùkọ́ náà sì gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó pè mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a tò ní gígùn-gígùn, èmi nìkan ni mo máa ń wà lẹ́yìn, mò ń rí orí gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ tábìlì mi kò dọ́gba, mo sì máa ń fi ìdajì àkókò ẹ̀kọ́ ronú bí mo ṣe máa tún un ṣe. N kò sá. Mo parí rẹ̀, mo lọ sí girama, irùngbọ̀n ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi kí n tó jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Tábìlì ilé ìwé ni mò ń ṣe jù. Mo máa ń ṣe ẹyọ kan tó ga ju ìyókù lọ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ máa ń bi mí ta ló ni í. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó ni í ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbáyun náà di ọ̀rọ̀ ilé. Bí inú ẹnìkan bá dùn jù, tó sì fẹ́ ra nǹkan tàbí kó fọwọ́ sí nǹkan, wọ́n á ní, “Má fi ẹnu àgbáyun tọ́ ọbẹ̀ wò.” Nígbà tí mo mú Sàdíátù wálé láti ìlú Awo pé òun ni mo fẹ́ fẹ́, Màámi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n bi mí bóyá mo ti lá àgbáyun. Mo ní mo ti lá a. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má ṣe jẹ́ kó tán lẹ́nu mi. Kò tán.

Sàdíátù gba àbàrí náà lọ́wọ́ Màámi. Ó ń fi ààrò gáàsì yan án, kì í sì í jóná. Òjò mẹ́ta ti rọ̀ lẹ́yìn tó ti jáde láyé. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣe àbàrí nílé wa. Èmi náà kò béèrè.

Bàbá Àgbà ti lọ, bàbá mi ti lọ, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ti lọ. Ó ti di pé agolo àkọ́kọ́, bí ó bá wà, èmi ló tọ́ sí. N kò ronú sí i. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń bọ̀.

Ọmọ mi obìnrin, Rùkáyà, parí yunifásítì ní ọdún tó kọjá. Bó ti dé, ó ní iṣẹ́ igi ni òun fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ó ń ṣeré. Mo ní n kò rán an ní yunifásítì kó lè wá máa gé pákó. Ó tún béèrè lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, mo fi hàn wọ́n, mo ní, “Ẹ wo ọwọ́ tó fẹ́ gbé pákó ìrókò.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ sílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni mo sọ.

Ní oṣù tó kọjá, ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn ìyeyè ló kọ́kọ́ jáde láti inú ilé, kí òun tó jáde. Ó kúnlẹ̀, ó gbé agolo kalẹ̀, ó gbé ṣíbí tì í.

“Bàbá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná,” ni ó wí. “N kò mọ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é tí kì í fi í jóná.”

Mo bi í ní ohun tó fẹ́ tọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n.

“Ṣọ́ọ̀bù yín ni, sà.”

Mo jẹ ẹ́. Òkè rẹ̀ dùn, oyin wà nínú rẹ̀ dáadáa, kíkan ìyeyè sì wà lẹ́yìn oyin náà. Mo ń jẹ ẹ́ lọ títí ṣíbí fi kan ibi tó jóná. Ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ agolo. Bí mo bá fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá mi wí. Ta ló ń ka èyí tó jóná mọ́ oúnjẹ? Rùkáyà ń wo inú agolo. Mo mọ bó ṣe ń wò ó.

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń sọ ìtàn Jímọ̀ yẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ohun tó le níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lanu, ó tọrọ ohun tó fẹ́. Kí ló le nínú ìyẹn? Bàbá Àgbà ló ní oko tí ẹyẹ máa jẹ, àwọn náà ló sì mú ṣíbí. Mo ti ní ìgboyà ọmọ náà. Ó kù kí n wò ó bóyá mo ní ti bàbá náà.

Mo ní kí ó bá mi mú ọ̀bẹ wá. Mo fi ha ìsàlẹ̀ agolo, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ó korò. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá kí òun bu omi wá. Mo ní kó bù ú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Tábìlì iṣẹ́ mi ga jù fún Rùkáyà. Mo dojú rẹ̀ dé, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì gé wọn kù títí ó fi bá ìbàdí rẹ̀ mu. Mo gbé e dìde, mo dúró tì í láti dán an wò. Mo ní láti tẹ̀ ẹ̀yìn kí ọwọ́ mi tó kan pákó. Mo tún ti padà sí ìdí tábìlì tó kéré jù fún mi.